Mo fi sáìtì CWGC wá Bàbá Bọ́mà, ohun tí mo rí rèé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó máa gùn díẹ̀. Sáìtì kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ti àjọ tó ń tọ́jú sàárè àwọn ṣọ́jà tó kú lójú ogun, Commonwealth War Graves Commission lorúkọ wọn, CWGC ní kúkúrú. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀ kẹ́ ẹ tó wá èèyàn yín níbẹ̀. Tí ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà Ogun Hítílà tí ò padà wálé, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí kẹ́ ẹ tó gbé owó fún ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn, mo máa sọ ohun tó jẹ́ kí n yọ ẹyọ kan.

Ẹni tí mo lọ wá ni ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi. Bàbá Bọ́mà là ń pè é nílé wa ní Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbéyàwó nígbà tó lọ, kò bímọ, wọ́n ní kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Iṣẹ́ òfì ni wọ́n bí i bá. Lọ́jọ́ tó lọ, ẹtù ló wà lórí òfì ẹ̀, kò hun ún tán, ó ní òun á padà wá parí ẹ̀. Nígbà tí kò dé, ìyá ẹ̀ gé aṣọ náà kúrò lórí òfì, ó ká a, ó fi sínú àpótí. Mo ti fọwọ́ kàn án rí. Ìbú ẹ̀ ò ju ìka mẹ́rin lọ, aró ẹ̀ ti ṣí, àwọn ìlà funfun tín-ín-rín ara ẹ̀ ti pọ́n, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ dé dúró, òwú tí wọn ò tíì hun ń fì wálẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó. Òun nìkan la ní tó jẹ́ tiẹ̀. Fọ́tò ò sí.

Nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú, àbúrò ẹ̀ obìnrin kan ló kù láyé. Ìyá là ń pè wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí ọba àti baálẹ̀ fà kalẹ̀ fún ìjọba òyìnbó nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n àwọn ò dúró kí wọ́n fa òun, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ni wọ́n jọ gba Ìbàdàn lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dé láti Íńdíà. Kò mọ̀wé kọ, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ohun tí Ìyá rántí nínú ẹ̀ ni pé ó ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí òfì òun. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ogun parí, àwọn tó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1946, ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà dé, àmọ́ wọ́n ti pín àwọn méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Íńdíà, kò mọ ibi tí wọ́n kó o gbà. Ìgbà tó yá ni ìwé kan dé, tíṣà ló kà á fún wọn, pé ó ti kú lójú ogun. Ibi tó kú sí ò sí nínú ìwé yẹn, bó ṣe kú ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Láyé ogun Ìbàdàn, tí jagunjagun bá kú sí ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á gé irun àti èékánná ẹ̀ wálé kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Ti Bàbá Bọ́mà, irun ò dé, èékánná ò dé. Ìyá ẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣòkú fún òun, pé ìwé ò lè sọ pé ọmọ òun kú. Títí obìnrin yẹn fi kú, ó máa ń ní kí wọ́n gbá abẹ́ àtíbàbà níbi tí òfì ẹ̀ wà, láràárọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ṣí sáìtì yẹn, àti ìdí tí bàbá mi fi kó sọ́wọ́ ẹnìkan ṣáájú. Ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan lórí WhatsApp ní òun máa ń bá èèyàn wá ìwé ṣọ́jà láyé àtijọ́ ní London, ó gba 40,000 náírà lọ́wọ́ bàbá mi, ó fi fọ́tò ìwé kan ránṣẹ́, inú bàbá mi dùn, wọ́n pè mí ní òru. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, GC ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ṣọ́jà yẹn. Àwọn ọmọ Gold Coast ló ń jẹ́ GC, Ghánà òde òní nìyẹn. NA ni tàwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìwé òkú olókùú ló tà fún wa. A pè é títí, ó ti bílọ́ọ̀kì wa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ fún bàbá mi pé ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi wá a.

Ó yá, bí sáìtì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Tí ẹ bá wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Find War Dead sí. Àyè orúkọ ìdílé wà níbẹ̀, àyè orúkọ àbísọ wà, ẹ lè mú ogun àkọ́kọ́ tàbí ogun kejì, ẹ lè mú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ẹ lè mú orílẹ̀-èdè tí sàárè tàbí ibi ìrántí wà, ẹ lè mú ọdún. Lórí fóònù lásán ni mo ti ṣe é, dátà tó jẹ ò tó nǹkan.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni orúkọ. Mo kọ orúkọ ẹ̀ bí àwa ṣe ń kọ ọ́, kò jáde. Mo yí i padà, kò jáde. Ó fẹ́ẹ̀ sú mi kí n tó rántí pé akọ̀wé ológun tó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè má gbọ́ Yorùbá rárá, bó ṣe dún létí ẹ̀ ló kọ ọ́, bàbá wa ò sì lè kà á kó sọ pé ó ṣì í kọ. Búráímọ̀ lè di Braimah, ó lè di Buraimo, ó lè di Ibrahim. Àjàyí lè di Ajai. Súnmọ́nù lè gba ọ̀nà mẹ́rin. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jùyẹn lọ, tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gbàgbé, ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́jà wa nígbà yẹn ò ní orúkọ bàbá nínú ìwé ìjọba, ìlú wọn ni wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé. Ẹ máa rí Audu Kano, ẹ máa rí Bello Ilorin, bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n nìyẹn. Torí náà ẹ kọ orúkọ ìlú yín sí àyè orúkọ ìdílé.

Mo kọ Iseyin. Mi ò rí i. Mo jókòó, mo ń ronú, ni mo bá rántí pé nínú àwọn máàpù àtijọ́, Isehin ni òyìnbó máa ń kọ ìlú wa. Mo kọ Isehin.

Ó jáde. Private, ìyẹn ṣọ́jà lásán, ni ipò ẹ̀, nọ́ńbà NA ẹ̀ wà níbẹ̀, 9th Battalion, Nigeria Regiment, R.W.A.F.F. (Royal West African Frontier Force, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí òyìnbó kó jọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà), ọjọ́ tó kú, 14 March 1945, ibi tí orúkọ ẹ̀ wà, Rangoon Memorial. Ìlà mẹ́rin, márùn-ún péré ni. Mo wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Mókọ́lá nígbà tí mo rí i, mi ò mọ ìgbà tí kọ̀ndọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé ó dáa, pé mo ti kọjá ibi tí mo ní mo máa sọ̀.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òun ni kì í ṣe ẹlòmíì láti Ìsẹ́yìn? Orúkọ àbísọ ẹ̀ ò wọ́pọ̀, ọdún bára mu, àwọn tí wọ́n kọ Isehin mọ́ tí mo rí níbẹ̀ ò pọ̀, kò sì sí ìkejì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn rí orúkọ tó jọ ọ́ kẹ́ ẹ máa sunkún.

Wàyí o, ohun tí Rangoon Memorial túmọ̀ sí. Taukkyan ni ibẹ̀ wà, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 35 sí àríwá Yangon, tí wọ́n ń pè ní Rangoon nígbà náà, ní orílẹ̀-èdè Myanmar tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Bọ́mà. Sàárè ṣọ́jà Ogun Hítílà lé ní 6,000 níbẹ̀, láàárín wọn sì ni àwọn òpó ńláńlá wà tí wọ́n to ní ìlà gígùn, orúkọ ni wọ́n gbẹ́ sára wọn látòkè délẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó 27,000 orúkọ. Àwọn tó ní sàárè ni wọ́n wà nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ orúkọ wọn sára òpó ni àwọn tí wọn ò rí òkú wọn, tàbí tí wọ́n rí òkú tí wọn ò mọ̀ pé ta ni. Ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Gold Coast wà níbẹ̀, Sàró, Gambia, àwọn ará Íńdíà, àwọn Gurkha, ìyẹn àwọn ṣọ́jà láti Nepal, àwọn òyìnbó. Ó ń gba èèyàn lọ́kàn pé bí orúkọ ṣe rí fún ọ̀gá ni ó rí fún Private, bákan náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ lẹ́tà ẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ sáìtì náà mọ nìyẹn. Ó máa sọ ọjọ́ fún yín, kò ní sọ ayé ẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ìwé tí àwọn ológun fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń tò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ní ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ẹ ti ní kọ́kọ́rọ́, ẹ lè wá ibi tí wọ́n wà lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo fi bí oṣù mẹ́ta ka gbogbo ohun tí mo lè rí.

Division méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tó ní ọ̀pọ̀ battalion nínú, ni wọ́n kó jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà ní Bọ́mà, 81 àti 82, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn 81 ló ṣáájú ní 1943, aláǹtakùn dúdú ni àmì èjìká wọn. Àwọn 82 tẹ̀ lé wọn ní 1944, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni tiwọn. Inú 82 ni 9th Battalion bàbá wa wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n lò lórí òkun kí wọ́n tó dé Íńdíà, ẹ ro ọmọ Ìsẹ́yìn tí odò tó mọ̀ ò ju Odò Ògùn lọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ọ̀rọ̀ ẹrù orí. Àwọn ọmọ ogun yòókù ń fi ìbaaka àti mọ́tò kó ẹrù, ti àwọn ará wa, orí ni. Wọ́n tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú division yẹn tó jẹ́ pé ẹrù ni iṣẹ́ wọn, aláàárù nínú aṣọ ṣọ́jà. Ọta ìbọn, mọ́tà, ìrẹsì, wáyà, àwọn tó fara gbọgbẹ́ pàápàá, wọ́n á tẹ́ wọn sórí pátákó, wọ́n á gbé e lérí, wọ́n á gun òkè. Kì í ṣe òkè Àdó-Àwáyè tí èèyàn á gùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún o, òkè lórí òkè ni, tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lórí ìkan, ẹ máa rí odò, tí ẹ bá la odò kọjá, òkè míì ló kàn. Àwọn 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà máìlì 75 láàárín irú òkè bẹ́ẹ̀ kí mọ́tò kékeré lè dé àfonífojì odò Kaladan, West African Way ni wọ́n sọ ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ìyẹn bàálù ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè, tí ìkùukùu bá bo òkè tí bàálù ò rí wọn, ebi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀fọn wà, eṣúṣú wà tó máa ń wọ inú bàtà, wọ́n ní kí wọ́n máa lo oògùn ibà kan tó ń jẹ́ mepacrine lójoojúmọ́, oògùn náà máa ń sọ awọ di rúsúrúsú. Bàbá mi bi mí pé ṣé wọ́n ń lo òṣùká. Mi ò rí i kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ò ní gbé àpótí ọta lérí láìfi nǹkan sábẹ́ ẹ̀.

Ní March 1945, àwọn 82 ń tì àwọn ará Jàpáàn sẹ́yìn lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú An ní Arakan, agbègbè etí òkun Bọ́mà. Àwọn ibi tí wọ́n ti jà lágbègbè yẹn lóṣù náà ń jẹ́ Tamandu, wọ́n ń jẹ́ Letmauk. Àwọn ará Jàpáàn á gbẹ́ ihò sórí òkè, wọ́n á fi ìtì igi àti erùpẹ̀ bò ó, ẹ ò ní rí wọn títí ẹ ó fi dé iwájú ìbọn wọn. Tó bá di òru, àwọn náà á jáde wá.

Letmauk. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Letmauk Barracks ní Mókọ́lá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ní Letmuck. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gba iwájú ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo rò pé orúkọ òyìnbó kan ni. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ṣubú ni. Èyí tó wà ní Yábàá, Myhoung, ibẹ̀ náà ni, ìlú Myohaung tí wọ́n gbà ní January 1945. Arakan Barracks ní Àpápá, bẹ́ẹ̀ náà ni. Dalet ní Kàdúná, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mi ò lè búra pé Letmauk gan-an ni bàbá wa kú sí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kú àti ibi tí division ẹ̀ wà bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gba iwájú báráàkì yẹn bí mo ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo máa ń dákẹ́ tí mọ́tò bá dé ibẹ̀.

Tí ẹnìkan bá ṣubú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á gbẹ́ ilẹ̀ níbi tó bá rọ̀, wọ́n á sin ín, wọ́n á fi igi tàbí ọparun ṣàmì, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á tẹ̀ síwájú. Òjò Bọ́mà ò jọ ti wa, tó bá bẹ̀rẹ̀ ní May ó di October. Ọparun á wó, igbó á bò ó. Nígbà tí àwọn tó ń wá òkú kiri dé lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ni wọn ò rí mọ́. Bí orúkọ èèyàn ṣe ń dé ara òpó nìyẹn.

Díẹ̀ ló yè é láti sọ ọ́. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, ọmọ ọdún 16 ni. Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní March 1944, àwọn ará Jàpáàn yọ sí wọn létí odò Kaladan, ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ Isaac, òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n ṣẹ́ kù síbẹ̀. Mùsùlùmí ará abúlé kan àti ìdílé ẹ̀ ló ń bọ́ wọn, tí wọ́n fi wọ́n pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tó jẹ́ pé tí àwọn ará Jàpáàn bá mọ̀, gbogbo ilé yẹn ni wọ́n máa pa. Ó padà wálé, ó dàgbà, 2012 ló kú. Nígbà tí mo ka tiẹ̀, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ìyá bàbá wa ń dúró dè. Kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò sẹ́ni tó retí ẹ̀ mọ́ máa ń dé.

Ó yá, ìràwọ̀ tí mo yọ. Ti Ogun Hítílà, wọ́n gbìyànjú. Ti ogun tó ṣáájú ẹ̀, ti 1914 sí 1918, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́, àjọ náà fúnra ẹ̀ ló gbé ìwádìí jáde ní April 2021. Nígbà tí wọ́n dá àjọ yẹn sílẹ̀ ní 1917, wọ́n ní gbogbo ẹni tó kú ló máa ní orúkọ lára òkúta, kò ní sí tolówó kò ní sí ti tálákà. Ìwádìí náà ní ó kéré tán 45,000 èèyàn, àwọn ará Íńdíà, àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn ará Íjíbítì, ni wọn ò ṣe ìrántí fún bí wọ́n ṣe ṣe fún àwọn òyìnbó, àwọn míì tó tó 116,000 ó kéré tán, ó lè tó 350,000, ni wọn ò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn ò ṣe ìrántí fún rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláàárù. Ní 1923, gómìnà Gold Coast ìgbà náà, Guggisberg, sọ fún wọn pé ọmọ ìbílẹ̀ ò ní mọ rírì òkúta sàárè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn o, sọ́dọ̀ àwa tí a máa ń ru irun àti èékánná òkú wálé! Wọ́n ti tọrọ àforíjì, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ lé e lórí, ní January 2025 wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní Cape Town fún àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó lé ní 1,700 tí wọn ò ní sàárè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bàbá yín lọ ru ẹrù ní Kamẹrúùnù tàbí East Africa nígbà ogun àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kọ́kàn yín bàjẹ́ jù tí ẹ ò bá bá a níbẹ̀.

Nǹkan tó kù tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni sátífíkéètì. Lójú ewé ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí ibi tẹ́ ẹ lè ti dáńlóòdù ìwé ìrántí, PDF ni, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn náà. Orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, ipò ẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀, ọjọ́ tó kú, àwòrán ibi tí orúkọ ẹ̀ wà. Nígbà míì wọ́n tún máa ń fi àwòrán ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi tẹ máṣíìnì tẹ̀ síbẹ̀, ẹ má fo ìyẹn, ẹ ṣí i, ẹ fẹ̀ ẹ́. Mo tẹ sátífíkéètì tiwa jáde ní kálà, mo ní kí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́, mo gbé e lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ìyá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n ń fọwọ́ pa á. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni?" Mo ní 14 March 1945. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni mò ń bi ẹ́." Mo fi fóònù wò ó, mo ní Ọjọ́rú ni, Ìyá. Wọ́n tún un sọ, "Ọjọ́rú", wọ́n dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ki í, oríkì tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí nílé wa, tí wọ́n ti gbé mì fún ọgọ́rin ọdún.

Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n sin ín?"

Gbogbo ohun tí mo ti kà, kò sí èyí tó kọ́ mi bí mo ṣe máa dáhùn ìyẹn. Mo ní àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló máa sin ín, Ìyá, wọn ò ní fi í sílẹ̀, àmọ́ igbó ti bo ibẹ̀, torí náà ni wọ́n ṣe gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára òkúta. Wọ́n ní, "Ta ló ń gbá ibẹ̀?" Mo fi àwòrán Taukkyan hàn wọ́n lórí fóònù, mo mú un súnmọ́ ojú wọn dáadáa, mo ní ẹ wo koríko yẹn, wọ́n gé e lọ́gbọọgba, iṣẹ́ àwọn kan ni láti máa tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ó dáa.

Wọ́n wá ní kí n ka orúkọ náà bó ṣe wà nínú ìwé. Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọ́n ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n àwọn, wọ́n pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kí n pè é tẹ̀ lé àwọn, wọ́n ní kí n lọ sọ fún àwọn tó kọ ọ́.

Àyè àtúnṣe wà, ẹ lè kọ̀wé sí CWGC pé orúkọ èèyàn yín ò pé tàbí pé wọ́n ṣì í kọ, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ni wọ́n máa fẹ́ rí, ohun tí wọ́n kọ nígbà yẹn. Ẹnu Ìyá nìkan la ní. Lẹ́tà Íńdíà yẹn ti sọnù tipẹ́. Àmọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sí Ìbàdàn ti pè mí, ó ní àpótí ṣọ́jà bàbá òun ṣì wà lókè àjà, ìwé wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà. Mò ń lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Èsì tí mo bá rí gbà, mo máa wá fi kún ohun tí mo kọ yìí.